Ìwé Tí Mísì Verlene Kọ ní Àgọ́ Ọdẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ilé ń parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kun ọ̀dà rẹ̀ tán, ẹ mọ̀ pé onítọ̀hún kì í ṣe pẹ́ńtà. Pẹ́ńtà lèmi. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń kun ilé ní agbègbè wa yìí, mo sì mọ ibi tí iṣẹ́ ń parí sí dáadáa. Orí tábìlì Mísì Verlene Ottmers ló ń parí sí, nínú ọ́fíìsì kọngílá Dub Lackey, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ màlúù. Ìgbà tí obìnrin yìí bá tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé tó kẹ́yìn ni ilé tó di ilé. Ṣáájú ìgbà náà, òkìtì òkúta àti pákó lásán ni.

Obìnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ló wà lọ́dún tí mo ń sọ yìí. Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ló ń lọ ṣe irun, irun náà kì í sì í mira títí di Ọjọ́bọ̀ mìíràn, ìbáà jẹ́ pé ìjì ń jà. Awò ojú méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú irun, ọ̀kan so kọ́ ọrùn, òun náà ni yóò sì máa bi ọ́ bóyá o rí awò ojú òun. Ẹnu rẹ̀ mú, kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ní pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú àwa oníṣẹ́ tó ṣàìsàn rí tí kò bá àwo oúnjẹ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó gbóná, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nídìí àwo náà kí o má baà gbàgbé láti dá a padà.

Ìjọba ló fún un ní òǹtẹ̀. Nígbà yẹn, ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò já mọ́ nǹkan kan, àfi bí ẹni tó ní òǹtẹ̀ ìjọba bá fi ojú ara rẹ̀ rí ọ bí o ṣe ń fọwọ́ sí i. Inú báàgì Verlene ni òǹtẹ̀ náà ń gbé, pẹ̀lú súìtì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti fọwọ́ sí ìwé lójú rẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fọwọ́ sí i lórí ibùsùn ọsibítù, lọ́sẹ̀ tí mo já bọ́ láti orí àkàbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé náà kíá, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ní Texas wa níbí, bí o bá fi òógùn rẹ kọ́ ilé tí wọn kò sanwó fún ọ, òfin gbà ọ́ láyè láti lọ kọ orúkọ rẹ lé ilé náà lórí ní ọ́fíìsì ìjọba káúńtì. Ọwọ́ rẹ ti wà lórí ilé nìyẹn. Onílé kò lè rí i tà, bánkì kò sì ní fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, àfi bó bá bá ọ yanjú. Ohun ìjà kan ṣoṣo tí oníṣẹ́ ọwọ́ ní nìyẹn. Nítorí náà, kí bánkì tó tú owó sílẹ̀, yóò ní kí gbogbo àwa tí a fọwọ́ kan ilé, látorí ẹni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ dórí pẹ́ńtà, kọ̀wé pé a ti yọwọ́. Ìwé ìyọwọ́ là ń pè é. Bí ti ẹnì kan ṣoṣo bá kù, kò sí owó fún ẹnikẹ́ni.

Bánkì ní kí o yọwọ́ kí òun tó sanwó, ìwọ náà ní kó sanwó kí o tó yọwọ́. Bí ẹ bá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ báyẹn, irun wọn á funfun síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi jẹ́ oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni Verlene sọ ní bí-owó-bá-wọlé. O lè fọwọ́ sí i kí o tó rí owó, nítorí títí owó yóò fi dé ọwọ́ rẹ, ọwọ́ rẹ ṣì wà lórí ilé. Èkejì ni owó-ti-wọlé. Bí o bá ti fọwọ́ sí èyí, ó parí, ìbáà jẹ́ pé o kò rí sẹ́ńtì kan gbà. Òfin kọ ìkìlọ̀ sókè rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, pé ẹni tí wọn kò tíì sanwó fún kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kọ̀ọ̀kan, tí a bá kó ìwé iṣẹ́ wa wá, Verlene á dúró níwájú ìkòkò kọfí, á gbé ìwé méjèèjì sókè. Ẹni tí kò bá dáhùn kò ní mu kọfí.

“Èyí ńkọ́?”

“Bí-owó-bá-wọlé,” gbogbo wa á wí, àwa àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n.

“Ìgbà wo lẹ máa fọwọ́ sí i?”

“Ká tó gbowó.”

“Èyí tó ní ìkìlọ̀ lókè yìí ńkọ́?”

“Owó-ti-wọlé.”

“Ìgbà wo?”

“Ìgbà tí bánkì bá ní owó ti wọlé, kì í ṣe ìgbà tí Dub bá ní ó ti wọlé.”

“Mo ń gbọ́ yín o,” Dub á wí láti inú yàrá rẹ̀.

“Ká lè gbọ́ náà la ṣe ń pariwo,” Verlene á dá a lóhùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu kọfí.

A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn ní ìdí, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1998, ọ̀dọ̀ kọngílá mìíràn ni Verlene ti ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin kan tí kò sí nílùú mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọkùnrin yìí fi ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ fún Encarnación Zamarripa, kó ní kó fọwọ́ sí i, owó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Don Chon ni gbogbo wa ń pe Encarnación. Bíríkìlà olókùúta ni, kò sì sí ẹni tó mọ òkúta lò bí i tirẹ̀ láàárín wa. Verlene kò ka ìwé náà. Don Chon náà kò kà á, ojú Verlene ló wò tó fi fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà kọngílá. Don Chon gba káúńtì lọ láti gbé ọwọ́ lé ilé tó kọ́, wọ́n sì fi ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ sí hàn án. Ọkọ̀ rẹ̀ ló tà kó tó lè sanwó fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà.

Verlene lọ bá a nílé, ó ń sunkún pé òun ò mọ̀. Don Chon ní, “Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Jókòó, kọfí wà lórí iná.” Kò bá a jà rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ìwé yòówù tí Verlene bá fún un, á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara. Ìdajì wákàtí ni. Verlene á jókòó síwájú rẹ̀, kò ní mí fín. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé nínú gbogbo ohun tó ti bá òun láyé, tó fi dórí ikú ọkọ òun, ìdajì wákàtí yẹn ló ń dun òun jù. Mo rò pé ó ń sọ àsọdùn ni. Mo ti wá mọ̀ pé kò sọ àsọdùn.

Ó wá di ọdún 2014. Darla Hrncir, ọmọ àwọn Hrncir tó ń sin màlúù lójú ọ̀nà odò, kọ́ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Ogún màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló tà, ó sì yá ìyókù ní bánkì. Dub ni kọngílá, Don Chon ló fi òkúta mọ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà àti ojú ààrò, èmi ni mo kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ bọ́tà. Bánkì ní kí gbogbo ìwé ìyọwọ́ ìkẹyìn pé lọ́wọ́ àwọn ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá. Bó bá kọjá ọ̀sán, àdéhùn owó yíyá náà ti kú, Darla á sì lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á dúró láìsí owó ààrò, àwa méje tí a kọ́ ọ kò sì ní gba ìyókù owó wa. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ìwé mẹ́fà ti pé. Ti Don Chon ló kù.

Kí ló dé tí tirẹ̀ kù? Nítorí pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìjọba máa ṣí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín. Ẹni tó bá ń gbé lọ́dọ̀ wa kò ní béèrè ìbéèrè yẹn. Tí ọdẹ bá fẹ́ ṣí, bíríkìlà kì í mọ ògiri, púlọ́ńbà kì í gbé fóònù, pásítọ̀ pàápàá á gé ìwàásù kúrú. Don Chon ti lọ láti Ọjọ́bọ̀, òun àti Lalo, àbúrò ìyàwó rẹ̀, sí àgọ́ ọdẹ wọn lẹ́yìn òkè, níbi tí fóònù kì í ti í ṣiṣẹ́. Kò sì ní padà títí di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Verlene pè mí láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.

“Pẹ́ńtà, jí. Ọkọ̀ mi ò lè gun òkè yẹn.”

“Mísì Verlene, ẹ káàárọ̀ mà. Òkè wo?”

“Ò ń béèrè. Owó ẹ wà nínú ẹ̀ àbí kò sí?”

Bí mo ṣe gbé e nìyẹn. Ó wọ bàtà òjò, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó to ìwé sínú fáìlì tónítóní. Nígbà tí a dé géètì oko náà, mo sọ fún un pé kí a dúró di aago mẹ́wàá, nítorí àwọn ọdẹ ṣì wà lórí ègùn wọn nínú igi, ẹni tó bá sì pariwo lójú ọjọ́ àkọ́kọ́, èpè ni yóò gbà lọ sílé.

“Darla ò sùn láti ìjẹta,” ó ní. “Ìwọ sáà máa wakọ̀.”

“Sàlẹ́ńsà mi ti lu, mà.”

“Mo gbọ́ ọ látìgbà tí o ti kúrò nílé ẹ. Máa wakọ̀.”

Mo wakọ̀. Ọkọ̀ mi ń bú bí ẹkùn ní ojú ọ̀nà olókùúta yẹn. Nígbà tí a ń kọjá odò kékeré tó wà níbẹ̀, òkúta kan gbá ìdí ọkọ̀, sàlẹ́ńsà náà já pátápátá, ó bọ́ sómi. Ariwo tó tẹ̀lé e, òkú ọ̀run á jí. Bí a ṣe yọ sí àgọ́ náà ni mo rí àgbọ̀nrín kan tó fò kọjá níwájú wa, ìwo rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ka igi, ó gbé ìrù funfun sókè, ó sì di àwátì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí Don Chon tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ègùn, díẹ̀díẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

“Ìwo mẹ́wàá,” ó ní, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. “Mo kà á. Mẹ́wàá pérépéré.”

“Ẹ káàárọ̀, Don Chon,” Verlene wí.

“Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń retí bàbá yẹn. Pẹ́ńtà, ta ló gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ fún nǹkan tó o gùn wá yìí?”

“Àwọn ló ní kí n máa wakọ̀ o, bàbá,” mo wí, mo sì tọ́ka sí Verlene. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí n jẹ́ akíkanjú.

Lalo yọ láti ìdí iná, ó mú abẹ dání, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi ń wúkọ́. Ó ti pa tirẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ń gé e, ó ń fi bébà dì í. Ó bu ẹ̀wà àti ẹran fún wa, ó rọ ata lé e. Mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti àná, mo bá ara mi nídìí oúnjẹ kí Verlene tó ṣí fáìlì.

Ó ṣàlàyé ọ̀ràn Darla fún Don Chon, àdéhùn bánkì àti ọ̀sán Ọjọ́ Ajé. Don Chon mi orí. Ó fẹ́ràn Darla. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe máa ń kà á. Verlene dúró tì í, ó ká ọwọ́. Mo rò pé ìdajì wákàtí ni, mo bu ẹ̀wà sí i.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Don Chon yí ìwé náà sí Verlene, ó fi ìka tọ́ka sókè rẹ̀.

“Verlene, kí ni mo ń rí níbí?”

Verlene bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò ojú. Mo ní, “Ọ̀kan wà lórí yín, ọ̀kan wà lọ́rùn yín.” Ó fi èyí tó wà lórí sójú. Ó wo ìwé náà. Mo rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kúrò lójú obìnrin náà. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ló wà lókè ìwé. Owó-ti-wọlé ló gbé wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé girama wa wà ní aago méje, Verlene ló sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì láti bí ogún ọdún. Ó kánjú tẹ ìwé náà jáde nínú ẹ̀rọ, ó kì í sínú fáìlì, ó sáré lọ. Òun tó ń kọ́ gbogbo wa.

“Ìgbà wo là ń fọwọ́ sí èyí?” Don Chon béèrè. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó kọjú sí mi. “Pẹ́ńtà, ìgbà wo?”

“Ìgbà tí bánkì bá ní owó ti wọlé,” mo wí, ojú ń tì mí bíi pé èmi ni mo ṣe é.

Verlene jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù mi. “Èmi ni,” ó ní. “Èmi náà ni mo tún gbé e wá fún yín.” Ó tẹ orí ba. Irun rẹ̀ tí kì í mira ti yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun, ṣùgbọ́n èmi ni èmi, inú a máa tètè bí mi, mo sì ń ronú owó mi.

“Don Chon, ẹ fọwọ́ sí i jàre,” mo ní. “Ta ni Darla fẹ́ sá fún? Àbí Dub máa kó ṣọ́ọ̀bù sá lọ ni? Owó gbogbo wa ló wà níbẹ̀.”

Verlene gbé orí sókè. Ọ̀rọ̀ náà mú un ju bí mo ṣe rò lọ.

“Pa ẹnu ẹ dé, Pẹ́ńtà. Tó bá fọwọ́ sí èyí lónìí, mi ò ní tẹ òǹtẹ̀ sí i. Kí bánkì kú, kí ṣọ́ọ̀bù kú, mi ò ní tẹ̀ ẹ́.”

“Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà lọ tẹ èyí tó yẹ wá.”

“Tí ọkọ̀ yẹn bá tún gba ojú ọ̀nà yìí kọjá kó tó di ìrọ̀lẹ́,” Lalo wí, “àwọn ọdẹ òdìkejì odò á yìnbọn fún un, mi ò sì ní jẹ́rìí sí wọn.”

Verlene nu imú. Lójijì ló dìde, ó fọwọ́ tún irun ṣe.

“Ta ní ká padà? Ṣé ẹ̀rọ ló kọ́ mi ni? Mo mọ̀ ọ́n lórí. Lalo, wá bébà fún mi.”

“Bébà wo nínú igbó?”

“Èyí tó o fi ń di ẹran yẹn.”

Lalo wò ó, ó wò mí, ó sì lọ fa bébà funfun tí alápatà ń lò, ó gé e ní ìwọ̀n ọ̀pá kan. Verlene tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ mi, ó fi òkúta tẹ igun rẹ̀, ó mú bírò. “Òfin ní kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé,” ó ní, “òfin ò ní kó lẹ́wà.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó ń kà á jáde bó ṣe ń kọ ọ́: orúkọ iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ni ín, pé nígbà tí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé yìí bá gba sọ̀wédowó tí iye rẹ̀ jẹ́ báyìí, tí bánkì sì ti san án…

Ó dúró. Ó gbé bírò sókè. Mo rí i pé ibẹ̀ ti fò ó lórí.

“…sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀,” Don Chon wí, “tí sọ̀wédowó náà sì ti kọjá dáadáa, ìgbà náà ni ìwé yìí tó lágbára.”

Verlene wò ó. Don Chon gbé èjìká.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń kà á lóṣooṣù,” ó ní. “Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?”

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Bí Verlene bá sọ gbólóhùn kan, Don Chon á sọ èyí tó tẹ̀lé e, Verlene á kọ ọ́. Wọ́n ń jiyàn lórí kọ́mà. Don Chon ní kọ́mà wà lẹ́yìn “iṣẹ́”, Verlene ní kò sí, Lalo ní kí wọ́n fi sí i kí àwọn lè jẹun. Mi ò tíì rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àwọn méjèèjì, nínú òtútù yẹn, lórí ìwé tí àwa yòókù ń fọwọ́ sí bí ẹni ń lé eṣinṣin. Don Chon fọwọ́ sí i lójú rẹ̀, Verlene yọ òǹtẹ̀ láti ààrin súìtì, ó tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín kán sí igun ìsàlẹ̀. Ó kọ lẹ́tà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “ẹran”.

Kí a tó lọ, Don Chon na ìka sí mi. “Ìwo mẹ́wàá, Pẹ́ńtà. O jẹ mí ní ìwo mẹ́wàá.” Mo ní kó gbé ọwọ́ lé ilé mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo tẹ̀lé Verlene lọ sí bánkì, kò sí ohun tó lè mú kí n má lọ. Ọmọbìnrin tó ń rí sí owó ilé níbẹ̀ tú bébà náà sórí tábìlì, ó sì fa imú.

“Mà, kí ló ń rùn báyìí?”

“Ata,” Verlene wí. “Àti alùbọ́sà díẹ̀. Ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ọkàn mi.”

Ọmọ náà pe lọ́yà bánkì. Lọ́yà ní kó ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí lórí fóònù, ó kà á látòkè délẹ̀, kọ́mà Don Chon wà níbẹ̀. Lọ́yà béèrè bóyá òǹtẹ̀ hàn ketekete. Ó hàn. Ó ní ó pé, kí wọ́n tú owó sílẹ̀. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Darla, tó ti dúró síta láti ìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, gbá Verlene mọ́ra títí irun obìnrin náà fi bàjẹ́ pátá, Ọjọ́bọ̀ sì jìnnà.

Dub sanwó fún gbogbo wa láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, mo wà ní ọ́fíìsì tí mò ń mu kọfí ọ̀fẹ́ nígbà tí Don Chon wọlé, ó ṣí fìlà, ó gbé ìwé bánkì rẹ̀ síwájú Verlene: owó ti wọlé. Ó kù kó fọwọ́ sí ìwé kejì kí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Darla tó parí pátápátá. Verlene gbé owó-ti-wọlé jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́, ó sì múra láti jókòó.

Don Chon kò wo òkè ìwé, kò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó mú bírò, ó ń wá ibi tí òun máa fọwọ́ sí.

Verlene fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà.

“Ẹ ò tíì kà á.”

“Ìwọ lo gbé e wá,” Don Chon wí.

Dub jáde láti yàrá rẹ̀, ó sì dúró. Èmi gbé ife kọfí mi sílẹ̀. Omi ti kún ojú Verlene. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú yàrá náà tí kò mọ̀. Mo rò pé á gbé ọwọ́ kúrò. Kò gbé e kúrò.

“Ẹ ṣé,” ó ní. “Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ kà á.”

“Verlene, mo ní…”

“Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí, mi ò sì ní gbàgbé ẹ̀ títí tí màá fi kú. Lọ́dún 1998 náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe, ojú mi lẹ wò, ẹ ò ka ìwé. Ẹ kà á, Don Chon.”

Don Chon wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi bírò sílẹ̀, ó fa àga mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè.